Òkété àti Epo Tó Ń Sọ Àkàrà Di Èéfín

Àlọ́ mi gbéra, ó kọrí sínú igbó, òórùn àkàrà ló ń tọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó kọ́kọ́ bá pàdé lọ́nà ni Òkété, nítorí imú rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

Ìyá Ẹfọ̀n ló kú. Kì í ṣe ikú tí wọ́n ń sunkún sí. Ìyá náà ti gbó débi pé kò sí ẹranko kan tó lè sọ pé òun ti wà láyé nígbà tí wọ́n bí i, àfi òkúta ńlá tó wà létí odò, òkúta kì í sì í dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá lọ, àkàrà ni wọ́n ń dín. Wọ́n á dín in rẹpẹtẹ, wọ́n á fi ewé pọ́n ọn, wọ́n á pín in kárí ilé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá gbà á á ní, "Ẹ̀mí gígùn bíi ti màmá o!" kó tó bù ú jẹ. Ọmọ tí kò bá dín àkàrà ìyá rẹ̀, tàbí tó dín èyí tó jóná, ará igbó kò ní jẹ́ kó gbádùn títí tí wọ́n á fi dín tirẹ̀.

Òkété mọ gbogbo èyí. Ohun tó ń dùn ún ni pé ilé ni wọ́n fi ń pín àkàrà òkú, wọn kì í fi ikùn pín in. Ilé kan ṣoṣo ni Òkété ní, òun nìkan ló sì ń gbé inú rẹ̀. Ewé kan péré ni wọ́n máa gbé wá fún un.

"Ewé kan!" ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ewé kan, fún odidi èmi! Ṣé kí n fi pa imú ni?"

Ó dìde, ó fi omi ra ojú kó lè dà bí ẹni tó ti ń sunkún, ó sì gba ilé Ẹfọ̀n lọ.

Ẹfọ̀n jókòó sábẹ́ igi ìrókò, ó dé fìlà ọ̀fọ̀ tí ìwo kò jẹ́ kó jókòó dáadáa.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o, Bàbá," ni Òkété wí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yìn wọn á dára."

"Àmín o, Òkété. O ṣeun."

"Àkàrà ńkọ́, Bàbá?"

"Wọ́n ti lọ ẹ̀wà. Ìyá Awó ló máa dín in."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Epo wo ni wọ́n máa fi dín in?"

"Epo ni epo," Ẹfọ̀n dáhùn. "Ẹkùn ní òun á gbé òróró ẹ̀pà wá. Erin ní epo pupa. Ìmàdò náà ní òun ní nǹkan nílé."

Òkété fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni pé ẹnìkan lè ti gbọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Epo ni epo! Bí wọ́n ṣe wí náà nìyẹn nígbà òkú bàbá Ìkookò."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà náà?"

"Háà, ẹ ò gbọ́ ni? Epo tí kò lè gba iná ni wọ́n da ẹ̀wà sí. Ẹ̀yìn àkàrà dúdú bí èédú, inú rẹ̀ tútù bí omi inú àmù. Ọmọ Ọ̀bọ kan jẹ ẹ́, ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó wúkọ́ jábọ́ lórí igi. Títí dòní, bí Ìkookò bá ń kọjá, ṣé ẹ ò gbọ́ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń wúkọ́ ni?"

Ẹfọ̀n ti bá kìnnìún jà rí. Ó ti la iná igbó kọjá láìsáré. Ṣùgbọ́n nígbà tó ro bí àwọn ọmọdé á ṣe máa wúkọ́ lẹ́yìn òun, òógùn bò ó.

"Òkété, kí wá ni ká ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín yẹ àwọn epo náà wò. Iṣẹ́ ìdílé wa ni." Irọ́ ni o. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni kí wọ́n máa jẹ ohun tí wọn kò gbìn. "N kò ní gba kọ́bọ̀. Nítorí màmá ni. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ohunkóhun tó bá rú èéfín nídìí àkàrà òkú kò gbọdọ̀ wà lórí ilẹ̀ mọ́. Inú ilẹ̀ ni ààyè rẹ̀. Bó bá wà lókè, òkú kò ní sinmi."

"Ta ló máa wá sin ín?"

Òkété mí kanlẹ̀. "Ó le o, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi náà ni n ó fara dà á."

Kò sọ fún Ẹfọ̀n pé òun ti gbẹ́ kòtò kan sẹ́yìn ahéré òun láàárọ̀, kí òun tó wá kí i.

Wọ́n kóra jọ sídìí ààrò. Ìyá Awó ti gbé agbada kaná, ó ti po ẹ̀wà títí ó fi fúyẹ́ bí òwú, ó ti rẹ́ alùbọ́sà sí i. Ẹkùn ló kọ́kọ́ gbé kèrègbè tirẹ̀ wá.

"Ìwọ Òkété yìí," ni Ẹkùn wí, "ìwọ lo fẹ́ yẹ òróró tèmi wò? Òróró tó mọ́ débi pé mo máa ń rí irun imú mi nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo jẹ́?" Òkété tún dọ̀bálẹ̀. "Bí ẹ ṣe lẹ́wà tó yìí, òróró yín á ṣe wá burú? Ká kàn ṣe é kí ẹnu ayé lè pa mọ́ ni."

Wọ́n da òróró sínú agbada. Nígbà tó gbóná, Ìyá Awó ju ẹ̀là alùbọ́sà kan sí i. Ó ho ṣáá, ó léfòó, etí rẹ̀ pọ́n. Ìyá Awó bu ẹ̀wà sí i, àkàrà wú, ó yí ara rẹ̀ padà bí ọmọ tó sùn dáadáa.

"Òróró yìí dára o," ni Ìyá Awó wí. "Kí lẹ tún ń yẹ̀ wò?"

"Ìyá wa, ẹ rọra," Òkété dáhùn. "Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń mọ epo. Epo máa ń tijú. Bí ojú bá pọ̀ lára rẹ̀, kò ní fi ìwà rẹ̀ hàn. Gbogbo wa máa dijú, a máa kọrin fún màmá, nígbà tí a bá lajú, ohun tí epo jẹ́ á ti hàn."

Wọ́n dijú. Òkété gbé orin:

*Màmá ti lọ o, ẹ dijú!*
*Dijú, dijú.*
*Epo ń tijú o, ẹ dijú!*
*Dijú, dijú.*
*Ẹni bá lajú, epo á sá!*
*Dijú, dijú.*

Bí àwọn ńláńlá wọ̀nyí ṣe ń gbe orin, tí ohùn wọn ń mi ewé lórí igi, Òkété mú igbákọ. Ó kó àkàrà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i fùù láàárín orin kan sí èkejì, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó tì í sábẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ó ti igi gbígbẹ mọ́ ìdí agbada, igi lé igi. Òkété mọ̀ dáadáa pé epo kankan kò sí láyé, bó ti wù kó lágbára tó, tí a lè máa koná mọ́ láìda nǹkan sí i, tí kò ní rú èéfín bó pẹ́ bó yá.

Nígbà tí èéfín ti ń gorí ara wọn, ó dá orin dúró. Wọ́n lajú.

"Háà! Ẹkùn!" ni Òkété kígbe. "Ẹ wo èéfín!"

"Àkàrà tí mo dà sí i dà?" ni Ìyá Awó bèèrè.

Òkété na ìka sókè. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń lọ yẹn? Epo yìí ti sọ àkàrà di èéfín. Àkàrà yín nìyẹn, ó ń lọ sọ́run."

Gbogbo wọn gbójú sókè. Ẹfọ̀n ṣí fìlà fún un.

Ojú ti Ẹkùn débi pé àmì ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Òkété gbé kèrègbè náà, èyí tó ṣì kún dé ọrùn, ó fi ojú ìkáàánú wo ilẹ̀, ó ní òun ń lọ sin ín.

Ó kàn Erin. Epo pupa ni tirẹ̀, tuntun, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òkété kò tilẹ̀ ṣe wàhálà lórí tirẹ̀. Bí Erin bá ń kọrin, etí ló fi ń gbè é, etí náà sì ń fẹ́ iná bí ẹni ń fẹ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Kí orin tó tán, epo ti ń rú èéfín débi pé ẹyẹ ń wúkọ́ lórí igi.

"Ẹ̀gbọ́n Erin," ni Òkété wí, ó ń fi apá nu ẹnu, "bí ẹ ṣe tóbi tó yìí, epo yín kò ní sùúrù."

"Àkàrà ńkọ́?" Erin bèèrè.

"Ó ti bá ti àkọ́kọ́ lọ. Kò fẹ́ kó dá rìn."

Ìmàdò gbé tirẹ̀ dé. Èyí kò dúró de orin. Wọn kò tíì dijú tí èéfín dúdú ti bò wọ́n, tí ìfóòfó ń hó jáde lẹ́nu agbada.

"Ìmàdò," Òkété wúkọ́, "kí lẹ máa ń fi nǹkan yìí ṣe nílé?"

"A máa ń fi pa ara àwọn ọmọ bí wọ́n bá wẹ̀ tán."

"Àdín! Ẹ fẹ́ fi ìpara ọmọ dín àkàrà òkú?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí. Òótọ́ ni Òkété sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i rárá, nítorí àkàrà inú àdín tó jí bù nínú èéfín náà korò bí ewúro. Síbẹ̀, ó gbé kèrègbè. Ara rẹ̀ náà fẹ́ ìpara.

Oòrùn ti ń yí lọ. Àwọn ọmọdé ti to jọ sẹ́nu ọ̀nà ilé Ẹfọ̀n, oníkálukú di ewé mú. Wọ́n wo agbada, wọ́n wo Ẹfọ̀n. Ọmọ Ìkookò kan rọra wúkọ́.

Ikọ́ yẹn wọ Ẹfọ̀n lára. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kèrègbè kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

"Òkété," ó ní, ohùn rẹ̀ kò le mọ́. "Èyí nìkan ló kù. Òróró ẹ̀pà ni. Màmá fúnra wọn ló fún un jáde lára ẹ̀pà, kí àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀. Mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀ kí n máa rí i. Bí èyí náà bá rú èéfín, ojú á tì mí lójú ìyá mi. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò."

Kí n má purọ́ mọ́ Òkété, ọ̀rọ̀ náà dé inú rẹ̀. Ó rò ó pé àkàrà tó wà lábẹ́ aṣọ òun tó, kòtò náà sì ti kún. Ó kù díẹ̀ kó sọ pé òróró yìí dára. Ìgbà yẹn ni Ìyá Awó da òróró náà sínú agbada, òórùn rẹ̀ sì gbéra. Òórùn ẹ̀pà tí wọ́n yan díẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, tí alùbọ́sà sì ti wọ inú rẹ̀. Ìyá náà mọ ohun tó ń ṣe. Imú Òkété mì lẹ́ẹ̀kan. Inú rere rẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá," ó ní. "Ẹ dijú."

"Orin náà kò gbọdọ̀ gùn o," Ẹfọ̀n wí. "Màmá kò fẹ́ràn ariwo. Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó tán."

Ìyá Awó ti rí i pé ilẹ̀ ń ṣú, ó sì da àkàrà kún agbada láti etí dé etí. Wọ́n pọ́n, wọ́n ń fi ara gbún ara wọn. Òkété wò wọ́n. Orin kò ní gùn. Ewé tó mú wá ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú àkàrà náà tó lè fi sílẹ̀.

"*Màmá ti lọ o, ẹ dijú!*"

"*Dijú, dijú,*" ni wọ́n gbè.

Òkété bu igbákọ kan, ó dà á sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó bu òmíràn, ó dà á sí òsì. Ó tún bù, ó fi ìka tì í wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti bu àkàrà jẹ kó tó kúrò lórí iná, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ ló ń jó ni, inú rẹ̀ ni. Iná sọ ní ẹnu Òkété. Kò lè gbé e mì, ọ̀fun rẹ̀ kò gbà. Kò lè tu ú dànù, wọ́n á rí i. Ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó fi èkejì dúró. Ìrù rẹ̀, tó ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, bọ́ sínú agbada, ó sì fà á yọ láìké.

Àwọn tó dijú ń dúró de orin.

"*Dijú, dijú,*" ni wọ́n tún gbè, bóyá ó ti gbàgbé.

"Ḿ-ḿ-ḿḿḿ," ni Òkété kọ.

Erin la ojú kan. "Orin wo nìyí?"

"Èéfín!" Ìmàdò kígbe. "Ẹ wo èéfín!"

Ẹfọ̀n fi ìdí jókòó sílẹ̀. "Yéè, ìyá mi!" Kò fẹ́ wo agbada. Nígbà tó fi tipátipá wò ó, òróró ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, ó mọ́, ó dákẹ́, kò sí èéfín kankan lórí rẹ̀.

Imú Òkété ni èéfín ti ń jáde. Ó ń jáde ní etí rẹ̀ pẹ̀lú. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú bí àpò ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò.

"Òkété, kí ló dé?" Ẹfọ̀n bèèrè.

"Ḿḿ."

"Ṣé òróró náà dára?"

"Ḿḿ! Ḿḿ!"

"Àkàrà dà?"

Òkété rọra na ìka sókè.

Gbogbo wọn gbójú sókè. Ojú ọ̀run mọ́ roro.

"Ó ní àkàrà ti di èéfín," ni Ìyá Awó wí. "Ẹ má bá a jà, lọ́tẹ̀ yìí òótọ́ ló sọ. Ẹ ṣáà wo ibi tó ń gbà jáde." Ó gbé igbákọ, ó gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Àkàrà fò jáde, ó ba Ẹkùn nímú. Ó gbá a ní òsì. Òmíràn fò jáde, àwọn ọmọdé sì gbá a mú kó tó délẹ̀.

Ẹkùn fi ahọ́n lá imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Òróró mi dà?"

Wọ́n tọ òórùn epo, wọ́n wọ́ lọ sẹ́yìn ahéré Òkété. Wọ́n hú ewé kúrò lẹ́nu kòtò. Àwọn kèrègbè tò síbẹ̀, wọ́n fi ewé dí wọn lẹ́nu, àkàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú ewé, iyọ̀ àti ata wà nínú ìkarahun kan.

"Òkété," ni Erin wí, "ṣé báyìí ni wọ́n ń sin epo ní ìdílé yín? Ata náà wá bá wọn ṣọ̀fọ̀ ni?"

Ẹkùn yọ èékánná. "Ẹ fún mi. Èmi ni n ó sin ín, inú mi ló máa wà."

"Rárá," Ẹfọ̀n dá a dúró. "Ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ ta sílẹ̀ lọ́jọ́ màmá. Òun fúnra rẹ̀ ti bá wa ṣòfin. Ohunkóhun tó bá rú èéfín nídìí àkàrà òkú, inú ilẹ̀ ni ààyè rẹ̀. Ṣé èéfín kò rú lára rẹ̀?"

"Ó rú!" ni gbogbo wọn wí, tó fi mọ́ àwọn ọmọdé.

Wọ́n kó epo jáde, wọ́n ti Òkété wọlé.

Wọ́n padà sídìí ààrò. Wọ́n da òróró Ẹkùn pọ̀ mọ́ ti màmá, wọ́n fi epo pupa Erin dín tòmíràn, wọ́n sì dá àdín padà fún Ìmàdò kó lọ fi pa ara àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dijú. Ìyá Awó ń dín, ó ń kó, ó ń bú Òkété, ó tún ń dín. Kí oòrùn tó wọ̀, àkàrà ti kárí, "Ẹ̀mí gígùn bíi ti màmá!" ló sì gba gbogbo igbó. Ẹfọ̀n jókòó sábẹ́ igi ìrókò rẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀. Kò gbọ́ ikọ́ kankan.

"Ó ku ilé kan," ó sọ fún Ìyá Awó.

"Ilé wo? Ti olè yẹn?"

"Wọn kì í fo ilé kankan bí wọ́n bá ń pín ti àgbà. Màmá kò ní fò ó."

Ìyá Awó kùn, ṣùgbọ́n ó di ewé kan, ó sì gbé e sẹ́nu kòtò. "Gba tìrẹ. Ẹ̀mí gígùn bíi ti màmá o. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ abẹ́ ilẹ̀ lo ti máa lò ó."

Òkété yọjú. Àkàrà náà wà níbẹ̀, ó rọ̀, alùbọ́sà ń yọjú lára rẹ̀. Ẹnu Òkété ti bó láti ètè dé ọ̀fun. Itọ́ rẹ̀ gan-an kò ṣe é gbé mì. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sunkún. Ìgbà tó yá, àwọn èèrà dé. Wọ́n kí i, wọ́n gé e ní bíńtín-bíńtín, wọ́n kó o lọ lójú rẹ̀ títí ó fi ku ewé. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn yíjú padà.

"Ẹ kú ìnáwó o," ó ní.

Láti ìgbà náà ni Òkété ti ń gbé inú ihò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò padà sí bó ti wà, àpò ni títí dòní. Ìdajì ìrù rẹ̀ tó wọ inú òróró di funfun, kò sì dúdú mọ́. Bí ọdẹ bá sì fẹ́ mú un, kò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí ìbọn, èéfín ló máa fẹ́ sí i nínú ihò, á sì jáde wá fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé, bí wọ́n bá fún yín ní ewé kan, ẹ jẹ ewé kan. Ẹ̀yin àgbà, bí ẹnìkan bá ní kí ẹ dijú nídìí àkàrà, ẹ la ojú kan sílẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ sí nìyí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété.